Ẹjọ́ Ẹja Ẹyọ Kan

"Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e, màmá. Ọwọ́ ọ̀tún. Kì í jẹni."

Pyo Gil-rye wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀rọ náà. "Ohun tí ẹ sọ fún àbúrò mi náà nìyẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló gbé e lọ."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni. Èmi ni mo dá ẹjọ́ àbúrò rẹ̀. Ó pe ará Jàpáànù kan ní ọmọ olè níbi ẹ̀rọ omi, Afinúhàn, ẹ̀rọ yìí kan náà, tan iná pupa, ọ̀rọ̀ parí. Ọkọ̀ gbé e padà sórí ilẹ̀, sí abúlé tí wọ́n bí wọn sí, níbi tó jẹ́ pé ìmàdò ló ń gbé inú ilé báyìí. Kò sí ilé ìwòsàn níbẹ̀, kò sí iná, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ṣé o jí ire. Ó la ìgbà òtútù kan já. Kò la ìkejì já.

Màmá Pyo gbé ọwọ́ lé e.

Afinúhàn kò tóbi ju ọmọ ọlọ lọ, ó dúdú, ó sì máa ń tutù. Mi ò tíì la ẹnu tí iná pupa fi tàn lábẹ́ ọwọ́ obìnrin náà. Ó pupa gan-an ni. Àwọn ará Jàpáànù tó jókòó lápá ọ̀tún gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀ bíi kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Lápá òsì, àwọn ará Kòríà ń kùn.

"Ẹ kò tíì bi mí ní nǹkan kan," ni Màmá Pyo wí.

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ̀rọ yín kò ní sùúrù ni?"

"Màmá, ìkórìíra ló ń wá. Ó ti rí i."

"Ìbá kúkú bi mí, mà bá sọ fún un. Mo kórìíra bàbá tó fi mí sùn yẹn. Àtọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti kórìíra rẹ̀. Ṣé ó di dandan kí ẹ lọ gbé ẹ̀rọ wá kí ẹ tó mọ̀?"

Ham Tae-sok, ọkùnrin tí apá Kòríà yàn láti gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Èmi ni Ẹnìkẹta. Lórí Pèpéle yìí, tí ìjọba méjèèjì rì mọ́ àárín òkun láàárín Busan ti Kòríà àti Tsushima ti Jàpáànù nígbà tí ọmọ bíbí di ọ̀wọ́n nílẹ̀ àwọn méjèèjì, tí abúlé sì dahoro, ará Kòríà kì í dá ẹjọ́ ará Jàpáànù, ará Jàpáànù kì í dá ẹjọ́ ará Kòríà. Wọ́n wá ẹni tí bàbá rẹ̀ kò dá sí ìjà wọn rí, wọ́n wá a dé Ìgbájọ. Wọ́n bá èmi Adérera, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, tó rò pé òun ń lọ fojú rí òkun díẹ̀ kí òun tó kú. Ọdún kẹsàn-án rèé. Òkun tí mo rí ti tó mi.

Ohun gbogbo tó bá jẹ́ àjọni, èmi ni mò ń fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà, ilé ìwòsàn kan, ilé iná kan tí a ti ń sun òkú. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára wọn, apá kan kì í gbà kí apá kejì fọwọ́ sí ìwé àtúnṣe, àfi èmi. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, mo fọwọ́ sí ìwé páìpù tó ń jò, ti fìtílà èbúté, ti ọwọ́ irin ilé iná tó dẹnu kọlẹ̀, àti ti ìlà yẹ́lò àárín ìlú tí wọ́n fẹ́ tún kùn, nítorí àwọn ará Kòríà ní ó ti ń rìn wọ apá àwọn. Ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ó ń rìn! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí.

Ẹ̀rọ ògbufọ̀ tó wà ní etí mi ni mo fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohùn àwọn ará Ìgbájọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, torí náà bí àwọn méjèèjì bá ń bú ara wọn, á dà bíi pé ẹ̀yìnkùlé ilé wa ni wọ́n ti ń bú u.

Ẹjọ́ tó wà níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹja ẹyọ kan ló dá a sílẹ̀. Ẹja náà gan-an wà lórí tábìlì mi nínú yìnyín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Irin ìjẹun méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí Màmá Pyo fi ń mú oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀, igi ìjẹun méjì ti Bàbá Kuwahata, olùfisùn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì.

Itsue, ìyàwó Kuwahata Shoji, ló kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n sun ún láàárọ̀ Ọjọ́rú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, gbogbo ìlú jókòó sí Oúnjẹ Ìrẹ́pọ̀, èyí tí òfin ní a gbọ́dọ̀ jọ jẹ lẹ́yìn ìsìnkú, òkú apá yòówù kó jẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù á gbé abọ́ ìrẹsì sókè súnmọ́ ẹnu, àwọn ará Kòríà á sì máa wò wọ́n bí ẹni ń wo alágbe. Àwọn ará Kòríà á fi tiwọn sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á tẹrí sí i, àwọn ará Jàpáànù á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo ajá nídìí abọ́. Kò sẹ́ni tó ń la ẹnu sọ ọ́, nítorí Afinúhàn. Ojú ni wọ́n fi ń bú ara wọn títí oúnjẹ á fi tán.

Níbi oúnjẹ yẹn ni Màmá Pyo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iná, ti fi irin ìjẹun rẹ̀ mú ẹja, tó na ọwọ́ kọjá tábìlì, tí Bàbá Kuwahata sì fi igi ìjẹun tirẹ̀ gbà á. Ẹja náà dúró lófuurufú, irin mú un níhìn-ín, igi mú un lọ́hùn-ún. Apá Jàpáànù dákẹ́ lójijì. Màmá Pyo wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ fún ìwé ẹjọ́, bàbá," ni mo wí fún Kuwahata, "ohun tó burú nínú kí èèyàn fún yín ní ẹja."

Bàbá náà dìde. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan, kò sì wo apá òsì rárá.

"Egungun nìkan ni à ń gbà bẹ́ẹ̀," ló wí. "Bí a bá sun òkú tán, èèyàn méjì á dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan á fi igi mú egungun, ìkejì á fi igi gbà á, wọ́n á sì gbé e sínú ìkòkò. Ẹsẹ̀ la ń kọ́kọ́ mú, orí ló ń kẹ́yìn, kí òkú má baà dorí kodò nínú ìkòkò. Láyé, kò sí ohun mìíràn tí igi ń gbà lọ́wọ́ igi. Ẹni tó bá fi oúnjẹ ṣe é sí ọ ti sọ fún ọ pé òkú ni ọ́. Lọ́jọ́ tí mo sun ìyàwó mi ló ṣe é sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín."

Mo káàánú rẹ̀, kí n má purọ́.

Ham Tae-sok ti fò dìde. "Màmá Ẹnìkẹta, ní ilé àwa, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í rántí jẹun. A máa ń mú ẹran, a máa ń gbé e lé ṣíbí rẹ̀. Ìkẹ́ ni! Òfin sì ní ẹni tí kò bá mọ̀ pé ohun kan jẹ́ èèwọ̀ fún apá kejì, kò jẹ̀bi. Màmá yìí kò mọ̀." Ó yíjú sí i. "Àbí ẹ mọ̀, màmá?"

Mo ti rí i lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé, tó ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní a-b-d. *Ẹ kàn ní ẹ ò mọ̀. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.*

"Mo mọ̀," ni Màmá Pyo wí.

"Màmá!"

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbá eérú ní ilé iná. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é títí ó fi sú mi. Ta ni kò ní mọ̀?"

Ham jókòó. "Ó ti pa ara rẹ̀," ló sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

Inú bí mi sí obìnrin náà. Ẹ má dá mi lóhùn, ó bí mi. Ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún un, ó kọ̀ láti gbà á. Ó kórìíra bàbá náà, Afinúhàn ti jẹ́rìí. Ó mọ èèwọ̀ náà, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Kí ló tún kù? Ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló kù. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, òun nìkan, láàárín ìmàdò.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ṣe é?" ni mo bi í.

"Mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Ẹ̀rín tí ẹ rín ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Bí ẹ̀rù bá bà mí, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ìyá mi kú, mo rín in títí wọ́n fi gbá mi létí."

Òrùka mi tutù. Òrùka kan wà ní ìka ọwọ́ òsì mi tó bá Afinúhàn mulẹ̀. Iná pupa, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Irọ́, èmi nìkan ló ń mọ̀ ọ́n: bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà bá purọ́, òrùka á gbóná mọ́ mi níka. Àwọn tó ṣe òfin gbọ́n níbẹ̀ yẹn. Bí gbogbo wọn bá ń rí irọ́ ara wọn, Pèpéle yìí ì bá ti rì.

"Ẹ ní ẹ kórìíra rẹ̀. Kí ló ṣe yín?"

"Òun kọ́. Àwọn bàbá rẹ̀ ni." Ó gbé àgbọ̀n sókè. "Wọ́n kó bàbá ìyá ìyá mi àgbà lọ wa èédú ní ilẹ̀ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò padà. Àpótí kékeré kan ni wọ́n fi ránṣẹ́, ìdílé wa sì ń forí balẹ̀ fún àpótí yẹn láti ìran dé ìran. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń yẹ egungun wò dé, egungun èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tiwa níbẹ̀. Mo bi àwọn àgbà wọn léèrè, bàbá yìí wà lára wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni."

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni!" ni Bàbá Kuwahata pariwo láti ìjókòó rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá sí ògiri tí a kó ìkòkò òkú wa sí? Ìkòkò ìyá mi lẹ kọ́kọ́ là! Ẹ da ìyá mi sórí àtẹ bí ẹni ń da ẹ̀wà tí ó fẹ́ ṣà!"

"Nígbà tí ẹ kó wọn pọ̀, ta ló ní kí ẹ kó wọn pọ̀?"

"Ẹ dákẹ́!" ni mo wí. Mo gbá tábìlì. Ẹja fò nínú yìnyín. "Mo ní kí ẹ dákẹ́!"

Ìjà egungun yẹn ló bí Òfin Egungun, mo sì mọ̀ ọ́n lórí: òkú apá kan, ọwọ́ apá kejì kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹbí òkú tàbí ọwọ́ irin ilé iná nìkan ló lè mú egungun. Bí ọwọ́ mìíràn bá kàn án, wọ́n á yọ ìkòkò náà kúrò nínú ògiri àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n á sì da egungun náà sókun. Ẹni tó fọwọ́ kàn án, ìkìlọ̀ lásán ni tirẹ̀. Òkú nìyà ń jẹ. Ìjọba méjèèjì ní ìyẹn nìkan ló lè mú kí alààyè bẹ̀rù.

Mo pe Bàbá Kuwahata síwájú. Ó gbé ọwọ́ lé Afinúhàn, iná pupa tàn, àwọn ará Kòríà sì bú sẹ́rìn-ín. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi panu mọ́. Ní ọdún mẹ́sàn-án, mi ò tíì rí ọwọ́ kan níhìn-ín tí iná náà kò pupa fún, àfi tàwọn ọmọdé, àwọn náà títí wọ́n á fi tó ọdún mẹ́fà.

"Bàbá, ẹ ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Irú èèyàn wo nìyẹn? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn aáyù, tí mo ní kó lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn kó tó…"

Ó dákẹ́.

Apá òsì ti gbiná. Aáyù! Èébú tí wọ́n fi bú àwọn bàbá wọn nìyẹn láyé ijọ́un, nígbà tí wọ́n ń gbé àdúgbò tálákà ní ilẹ̀ Jàpáànù. Ham gun orí àga. Ó ń pariwo pé òun náà fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé gbogbo ayé gbọ́. Mo sọ fún un pé inú ọ̀fọ̀ ni bàbá náà wà nígbà tó sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ nínú ilé iná, òfin kò fi etí sí i. Kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ìjọba.

Ṣùgbọ́n ní tòótọ́, aáyù kọ́ ló gbà mí lọ́kàn. Ọṣẹ ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹni tó ń gbá eérú, tó ń tẹ bọ́tìnnì kí ọwọ́ irin lè ṣiṣẹ́, kí ló fẹ́ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún? Kó tó ṣe kí ni?

Mo ṣí ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wà níbẹ̀ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ọwọ́ irin ilé iná dẹnu kọlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó tún un ṣe bá ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ wá. Ọjọ́rú ni wọ́n sun Itsue.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Itsue bí wà lókè òkun, kò wá, àwòrán òdòdó ló fi ránṣẹ́. Kò sí ẹbí mìíràn. Kò sí ẹ̀rọ. Egungun kì í dúró de ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ní láti wọ ìkòkò kó tó tutù. Nínú yàrá yẹn láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọkùnrin kan wà tó ń wo ìyàwó rẹ̀ lórí àtẹ, tí kò sì lè dá nìkan gbé e. Obìnrin kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó kórìíra rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó lọ fọwọ́. Ó lọ fọwọ́. Ó mú igi kejì.

Mo rí i bí ẹni pé mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n á ti ṣe é tó wákàtí kan, ó mú, ó gbà, ó mú, ó gbà, láìsọ̀rọ̀, láìwo ojú ara wọn. Nígbà tó di ọ̀sán tí wọ́n tún jókòó kojú ara wọn, ọwọ́ ẹni tí kò tíì sinmi na ẹja, ọwọ́ ẹni tí kò tíì sinmi gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ló ṣì ń ṣiṣẹ́ àárọ̀. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ó ké pé wọ́n bú òun, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìdí tí òun fi na igi gbà á.

Kò burú jù fún un. Bí obìnrin náà bá bá ọkọ̀ lọ, àṣírí náà bá a lọ. Itsue á wà nínú ògiri pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ó fi ilé ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ra ibi tí ìyàwó rẹ̀ yóò sùn sí. Àwọn àgbà wa ní òkú ò mọ iye à ń ra aṣọ. Òwe ni mo fi ń tan ara mi níbẹ̀, nítorí èyí tí kò yé mi ni ti Màmá Pyo. Gbólóhùn kan péré ló máa sọ, á sì sùn sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. *Èmi ni mo bá a mú egungun.* Ó tán. Wọ́n á rí i pé èébú kọ́ ni ẹja náà, wọ́n á kàn kìlọ̀ fún un. Wọ́n á da Itsue sókun. Ọ̀tá rẹ̀ á fojú rí i.

Mo pè é padà sídìí ẹ̀rọ, ó tún gbé ọwọ́ lé e.

"Màmá, ṣé ẹ mọ ìyàwó bàbá yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Irú èèyàn wo ni?"

"Ó máa ń kí mi. Níbi ẹ̀rọ omi, ní èdè mi. Kò gbọ́ ọ dáadáa, ó máa ń ṣì í sọ." Ó wo ẹja tó wà nínú yìnyín. "Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kò ṣẹ̀ mí rí."

Bàbá Kuwahata ń wo ilẹ̀. Etí rẹ̀ ti pọ́n.

Abala kan wà nínú ìwé òfin wa, abala keje. Ó ní bí olùfisùn àti ẹni tí wọ́n fi sùn bá dáhùn ìbéèrè kan náà pẹ̀lú ìdáhùn kan náà lórí ohun tí wọ́n ń jà sí, Ẹnìkẹta lè pa ẹjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní jí i mọ́ láé. Àwọn tó kọ ọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo rò bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí ará Kòríà àti ará Jàpáànù fẹnu kò lórí Pèpéle yìí. Bí ọ̀kan bá ní òjò ń rọ̀, ìkejì á jáde lọ wò ó kó tó jiyàn.

"Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi ẹ̀yin méjèèjì," ni mo wí. "Mo fẹ́ kí ẹ ronú kí ẹ tó dáhùn. Màmá Pyo, yàtọ̀ sí ti ẹja yìí, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹ̀yin àti bàbá yìí jọ fi igi di ohun kan náà mú?"

Ham gbé orí sókè. Kò mọ ohun tí mo ń wá, ṣùgbọ́n ó gbóòórùn nǹkan.

Màmá Pyo yíjú wo Bàbá Kuwahata. Ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn nìyẹn. Bàbá náà gbé orí sókè, ojú wọn pàdé. Mi ò rí ìfẹ́ kankan níbẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ojú ẹni tó di ọ̀bẹ mú ni obìnrin náà fi wò ó, ojú ẹni tó mọ̀ pé ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni bàbá náà fi wò ó padà.

"Rárá," ni Màmá Pyo wí. "Kò ṣẹlẹ̀ rí."

Òrùka jó mi níka.

"Bàbá Kuwahata. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e. Ìbéèrè kan náà."

Ó gbé e lé e. Ó ti mọ̀ pé mo mọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin náà bọ́, ìyàwó rẹ̀ wọ òkun. Bó bá ní rárá, kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Kò ṣẹlẹ̀ rí."

Òrùka tún jó mi. Ó jó mi tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi lé sí mi lójú, mo sì ṣe bíi pé mo ń wúkọ́.

"Ó dáa," ni mo wí. "Olùfisùn ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n fi sùn ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Ohùn wọn ṣọ̀kan. Abala keje. Ẹjọ́ ti kú."

Ẹ̀yin, ariwo! Ham ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, kí ló kan ẹjọ́ náà, òun ti ń múra àtifi èébú aáyù gba ẹ̀san. Àwọn ará Jàpáànù ní wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ, ẹni tó jẹ́wọ́ ń lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn ní bí ẹ bá gbé adúláwọ̀ wá láti ọ̀nà jínjìn, ohun tí ẹ máa rí nìyẹn. Ògbufọ̀ mi sọ ọ́ fún mi ní èdè Ìgbájọ geere. Mo kí i.

"Ṣé inú ẹ̀yin méjèèjì ò dùn ni?" ni mo bi gbọ̀ngàn. "Apá ọ̀tún ò dùn, apá òsì ò dùn?"

Wọ́n ní inú àwọn ò dùn.

"Ẹ tún ti fẹnu kò lórí ìyẹn náà. Ẹ máa lọ sílé."

Kí ẹjọ́ tó parí, Ẹnìkẹta gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé Afinúhàn, kó búra pé òtítọ́ ni òun fi pa á. Mo gbé e lé e. Mo ní òtítọ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, òtítọ́ náà ni mo fi dájọ́. Iná kò pupa fún mi, nítorí mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn sú mi ni. Ṣùgbọ́n òrùka náà jó mi lẹ́ẹ̀kẹta. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní. Kò sí òrùka kejì lórí Pèpéle tí yóò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fi aṣọ bo Afinúhàn. Àwọn ará Jàpáànù gba ẹnu ọ̀nà tiwọn jáde, àwọn ará Kòríà gba tiwọn. Ham lọ láìkí mi. Àwọn méjì náà nìkan ló kù, nítorí wọ́n ní láti gba ẹrù wọn lórí tábìlì mi kí wọ́n sì tẹ̀ka. Màmá Pyo mú irin rẹ̀. Bàbá Kuwahata mú igi rẹ̀. Wọ́n ṣọ́ra gidigidi kí ọwọ́ wọn má ṣèèṣì kan ara wọn.

"Ẹja ńkọ́?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n ti ń jáde lọ.

Mo tẹ̀lé wọn dé ìta, nítorí mo fẹ́ da ẹja náà sókun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ìlà yẹ́lò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ń dán, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bàbá Kuwahata dúró létí rẹ̀ lápá tirẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Ọwọ́ ẹ ṣì ń rùn aáyù," ló wí.

Ham ti lọ. Aṣọ ti bo ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ bí kò ṣe àwa mẹ́ta.

Màmá Pyo fi irin ìjẹun rẹ̀ sápò. Kò pariwo.

"Ó ń rùn lóòótọ́," ló wí. "Òun náà ló gbé ìyàwó rẹ, láti ẹsẹ̀ dé orí."

Bàbá náà kò yíjú padà.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìdí tí mi ò fi ní lè dárí jì ọ́ láé nìyẹn."

Ó bá tirẹ̀ lọ, obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ, mo sì da ẹja náà sínú òkun.